Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Ta Ló Kùn Ún Ní Pupa?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti wà lórí Léfítíkù 19:16, n kò sì tíì rí ibi kúrò níbẹ̀. Ọlọ́run ní kí a má ṣe lọ sókè lọ sódò bí olófòófó láàrin àwọn ènìyàn wa. Kò dánu dúró síbẹ̀ o. Nínú ẹsẹ kan náà ni ó ti ní a kò gbọdọ̀ dúró ti ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì wa, ìyẹn ni pé a kò gbọdọ̀ máa wòran nígbà tí ó wà nínú ewu. Kí ló kó òfófó àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sójú kan?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn àwòrán kan ṣàlàyé. Ní ìlú Épinal, nílẹ̀ Faransé, Jean-Charles Pellerin dá ilé ìtẹ̀wé kan sílẹ̀ ní 1796. Àwòrán àwọn ẹni mímọ́ àti ti Olúwa lórí àgbélébùú wà lára ohun tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Àwọn alákiri á gbé e dé abúlé, àwọn tálákà á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ní 1894, àwọn òǹkọ̀wé méjì, Remy de Gourmont àti Alfred Jarry, dá ìwé àtìgbàdégbà kan, L'Ymagier, sílẹ̀ ní Paris, wọ́n sì ń tún irú àwòrán àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ilé ìtẹ̀wé Épinal yẹn, igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́. Ìlà dúdú nìkan ló ń ti ara igi bọ́ sórí bébà. Òṣìṣẹ́ mìíràn á wá gbé bébà tí wọ́n gé ihò sí lé e, á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún: ọ̀tọ̀ ni ti búlúù, ọ̀tọ̀ ni ti yẹ́lò, ọ̀tọ̀ ni ti pupa. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ á kọjá ìlà. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń ṣàn ní ìhà Jésù yẹn, kò sí lára igi. Ẹni tí kò gbẹ́ igi ló fi í síbẹ̀.

Àwọn yẹn kò ṣẹ̀, torí Jésù ta ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Àwa ńkọ́?

Ẹnì kan rí nǹkan fìrí. Ìlà dúdú nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti fi owó kún un, a ti fi orúkọ kún un. Wọ́n gbé e sórí WhatsApp, wọ́n ní "ẹ fi sádùúrà". Àdúrà wo? Ta nínú yín ló kan ilẹ̀kùn ẹni tí ẹ ń gbàdúrà fún? Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù, torí ẹnu yín làwọn ọmọ ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ òtítọ́ tí ẹ panu mọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ dúró ti ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ ìjọ yìí. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń pín gààrí tó kù nílé fún ara yín. Ìfẹ́ yẹn kò kú. Ẹ lọ sílé ẹni tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn lónìí kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má gbé àlàyé dání, ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá." Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ tún fi òmíràn ránṣẹ́ síbi kan náà, kó sọ pé òun kò rí ohun tí òun sọ.

Ìkéde: Ẹ̀kọ́ Bíbélì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ìdánrawò akọrin, aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí ìkòkò ńlá ìjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà kí ìkórè tó dé.