Lẹ́tà sí Àkànní lórí ọkọ̀ Jámánì tó fẹ́ rà

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà? Mo rí àwòrán ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. BMW 528i ti ọdún 2008, dúdú kirikiri, tokunbọ tí kò tíì gba nọ́ńbà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un wò kí n tó sùn. O ní iye tí wọ́n ń pè é kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Camry ọdún kan náà lọ, pé kí n wá gbàdúrà sí i. N óò gbàdúrà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi ti rí láti ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ta pátì ọkọ̀ ní Gate, n'Ìbàdàn níbí.

Bi ara rẹ léèrè ìdí tí owó rẹ̀ fi sún mọ́ ti Camry. Lọ́dún 2008, ẹni tó bá rà á ní tuntun l'Amẹ́ríkà yóò san nǹkan bí dọ́là 45,000. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni Camry. Ọjọ́ orí ti já owó ọkọ̀ náà wálẹ̀, kò já owó pátì rẹ̀ wálẹ̀. Ọkọ̀ ẹni tó lè san dọ́là 45,000 ni ìwọ yóò máa tọ́jú, náírà ni wọ́n sì ń san fún ọ lóṣooṣù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi di 2024 ó ti kọjá ₦1,400. Ojú wa ló ṣe. Pátì tí mo ti ń gbé sórí káńtà tẹ́lẹ̀, inú àpótí ni mo ń tì í mọ́ báyìí.

O rántí ọkọ̀ Jámánì tí mo rà ní 2013, nígbà tí o wà ní SS2. O máa ń fẹ́ jókòó síwájú kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè rí ọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni ohun tí ó ṣe fún wa. Kò pé oṣù méjì tí a rà á, mo jí ní agogo márùn-ún ààbọ̀ kí n lè tètè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bá ọkọ̀ ní ìta, ó ti jókòó sílẹ̀. Igun iwájú lápá ọ̀tún ti rì débi pé ìka mi kan ṣoṣo ló lè wọ àárín táyà àti fẹ́ńdà. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, inú rọ́bà ni afẹ́fẹ́ náà ń gbé, rọ́bà sì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. A pààrọ̀ rọ́bà yẹn. Láìpẹ́ kọ́mpúrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ ẹ náà kú, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára ní gbogbo àsìkò tí rọ́bà fi ń jò. Kí a tó mí, rọ́bà apá òsì bẹ̀rẹ̀. Owó ilẹ̀ tí a fẹ́ rà ní Moniya ni mo fi ń tún un ṣe. Bàbá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn ń jí lọ wọ mótò èrò lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ìdámẹ́ta iye tí mo rà á ni mo tà á, mo sì sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe nítorí ọkọ̀.

Tìrẹ kò ní ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́, a dúpẹ́. Ó ní wàhálà tirẹ̀. Fánbẹ́lítì kọ́ ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀, èyí tó ń gbé omi yí ẹ́ńjìnnì ká kó má bàa gbóná; iná mànàmáná ni. Wọ́tà pọ́ǹpù tí a mọ̀ á jò díẹ̀díẹ̀ kí ó tó kú, ìwọ náà á rí omi nílẹ̀. Eléyìí kì í sábà kìlọ̀. Ọkọ̀ á máa lọ geerege, lójijì ẹ́ńjìnnì á gbóná, ẹni tó bá ní òun á rọra wà á dé ilé á fi ẹ́ńjìnnì san án. Ọ̀pọ̀ nínú pọ́ǹpù wọ̀nyí kì í kọjá kìlómítà 100,000 sí 150,000. Ọkọ̀ tó wà nínú àwòrán rẹ ti rin máìlì 118,000, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 190,000. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi rísíìtì hàn ọ pé wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù náà, kí o ka owó pọ́ǹpù àti tàmósítáàtì mọ́ owó ọkọ̀. Tuntun ni kí o rà. Mo ń ta Belgium, ìyẹn pátì àlòkù láti òkè òkun, mo sì ń sọ fún ọ pé kí o má ra wọ́tà pọ́ǹpù Belgium: kò sí ẹni tó lè wo ojú rẹ̀ kó mọ iye ọjọ́ tó kù fún un. Táíwàn, ìyẹn pátì àfarawé, kò tilẹ̀ yẹ lẹ́nu wa.

Kò ní géèjì ọ́ìlì tí a ń fà yọ. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló ń sọ iye tó kù, nítorí náà mẹkáníìkì abẹ́ igi kò ní mọ̀ bí ó bá ti gbẹ. Líta mẹ́fà ààbọ̀ ló ń mu, Camry onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin kò gbà ju líta mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ilé fílítà ọ́ìlì máa ń gan bó bá dàgbà, ọ́ìlì á máa kán sórí fánbẹ́lítì. Bẹ́lítì tó bá mu ọ́ìlì lè fò kúrò níbi tó wà, kí ẹ́ńjìnnì fà á wọlé láti iwájú. Bí o bá pààrọ̀ bátìrì, ẹni tó ní sikánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé bátìrì tuntun ti dé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa gba chájì bí arúgbó. Wọn kò sì fi sípíà táyà sí i láti ilé iṣẹ́. Táyà líle tó lè rìn láìní afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi gbé e jáde. Bí wọ́n bá ti yọ ìyẹn fi táyà lásán sí i, tí o wá jìn sí kòtò ní Lagos-Ìbàdàn lóru pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn, kí ni wàá ṣe?

O sọ fún mi lórí fóònù nípa onítáásì ará Gíríìsì tó fi Mercedes 240D ti 1976 rin mílíọ̀nù kìlómítà 4.6, tí ilé iṣẹ́ náà sì gba ọkọ̀ ọ̀hún sí mùsíọ́ọ̀mù wọn ní 2004. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni bàbá yẹn ń gbé wọlé gbé jáde nínú ọkọ̀ kan náà, dísù sì ni, ọkọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá. Irú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ.

Mi ò ní kí o má rà á. Àwọn ará Jámánì mọ ọkọ̀ ṣe. Bó ṣe ń di ọ̀nà mú lórí eré, mi ò tíì rí irú rẹ̀ nínú Camry. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ rà á. Ìdámẹ́ta iye ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì lọ́jọ́ tí o bá ń gba kọ́kọ́rọ́, má sì yá a lọ́wọ́ kọpuréétíìfù. Má tíì ta Corolla tí o ní. Omi ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ ráídétọ̀ BMW náà, kúláǹtì ni. Bí wọ́n bá sì ní omi jíáàsì kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀, má gbọ́: ZF tó ń ṣe ọ̀pọ̀ jíáàsì fún BMW fúnra wọn ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín kìlómítà 80,000 sí 120,000.

Sátidé yìí n óò wọ mótò àkọ́kọ́ wá sí Èkó. Mo ti bá rewáyà kan tó mọ BMW dunjú sọ̀rọ̀, ó ń bọ̀ pẹ̀lú sikánà rẹ̀. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe sítáàtì ọkọ̀ náà kí a tó dé, mo fẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, kí n gbọ́ bó ṣe máa ń jí. Má san kọ́bọ̀ sílẹ̀ kí n tó dé.

Bá mi fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Mò ń gbé ẹ̀lùbọ́ bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.