Ẹ wo ọwọ́ obìnrin náà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ọmọ àdúgbò wa kan wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, irin ni wọ́n fi di egungun itan rẹ̀ mú. Òru ló jí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gbé jáde, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń sáré ìje. Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fi fóònù ya fídíò. Mo lọ kí i. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí fídíò náà?"

Kò béèrè ọmọbìnrin náà.

Ẹ má sọ fún mi pé ayé òde òní ni. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn, mo wo fíìmù Amẹ́ríkà kan ní sinimá, Grand Prix, èyí tí John Frankenheimer ṣe ní 1966. Ariwo ẹ́ńjìnnì ń mi àga lábẹ́ wa. (Ariwo yẹn gba Oscar, ẹ ò rí nǹkan.) Yves Montand ló ṣe Sarti, awakọ̀ ìje ará Faransé tí eré náà ti ń sú. Eva Marie Saint ṣe Louise, oníròyìn ará Amẹ́ríkà tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sarti níyàwó nílé o, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ. Nínú ìje tó kẹ́yìn, ní Monza ní Ítálì, ọkọ̀ rẹ̀ fò kúrò lójú títì. Louise sáré débẹ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò rọ́ bò ó. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, ẹ̀jẹ̀ Sarti ti kún un.

Èmi ò wo ọwọ́ yẹn lọ́jọ́ náà. Táyà ni mò ń wò.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé Peugeot 404 oníbàárà ọ̀gá mi, mo fi ọmọge kan síwájú, a kọrí sí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Mo tẹná. Ó ní kí n rọra, mo rẹ́rìn-ín. Ní kọ́nà kan, ọkọ̀ kọ̀ mí, ó di inú igbó. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọmọge bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e dání, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Kò bú mi. Kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá àwọn ọmọ mi kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá mi fi ọdún kan kún ìkọ́ṣẹ́ mi.

Àbí etí yín di ni? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ inú fíìmù yẹn, Formula 3 ni, ọkọ̀ ìje kékeré, wọ́n kàn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè jọ Formula 1, ọkọ̀ ìje ńlá! Ẹ̀tàn ni! Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ìje gidi wà nínú rẹ̀, Lorenzo Bandini, Jochen Rindt. Ní Monaco, ní 1967, ọkọ̀ Bandini gbiná mọ́ ọn; ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú. Rindt, Monza yẹn gan-an ló kú sí, ní 1970. Kò sẹ́ni tó máa ké pé kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró níbẹ̀.

Ìwọ ọmọbìnrin, bó bá ti ń tẹná, ní kó já ọ sílẹ̀. Bí kò bá dáhùn, o ti mọ irú ọkọ tó máa jẹ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ yé fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ẹ máa yẹ omi bíréèkì wò, gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tòkúnbọ̀. Obìnrin tó fẹ́ ọ, kì í ṣe eré ló fẹ́! Mélòó ni kí n sọ?

Mo kọjá sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fi POP di ọwọ́ ọ̀tún ọmọbìnrin yẹn dé èjìká. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Ó bi mí bóyá ọmọkùnrin náà ti jẹun.