Ìyá Ìbejì, gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Òkè-Ọ̀dàn yìí

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé ara le? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́, ikọ́ tó ń yọ Táyé lẹ́nu yẹn ti lọ? Mo gbọ́ vóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ láti Jámánì, mo tún un gbọ́, ibi tó o ti ń sunkún tó o ní àwa tá a wá bẹ̀bẹ̀ àsáílọ̀mù, ìyẹn ààbò fẹ́ni tó sá kúrò nílé, nílẹ̀ onílẹ̀ a ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, pé èyí tí wọ́n bá fún wa la ó máa gbà, kò jẹ́ n sùn. Mi ò fẹ́ fi vóìsì nóòtì dá ẹ lóhùn, ọ̀rọ̀ yìí gùn, mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ kó o lè máa kà á lọ́jọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá tún sú ẹ.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Yewa níbẹ̀ yẹn, nípìńlẹ̀ Ògùn. Ọdún 2000 lòun àtìyàwó ẹ̀ kó ọmọ méjì dé Ireland níbí, ó ní wọ́n ń dà á láàmú nílé nítorí ẹ̀sìn, ó bẹ̀bẹ̀ fún àsáílọ̀mù. Wọ́n ní ẹ̀rí tó mú wá kò tó, wọ́n ní rárá. Rárá tí wọ́n kọ sí ẹ lóṣù tó kọjá náà ni o. Ohun tó dá a dúró ni pé ìyàwó ẹ̀ bí ọmọ kẹta síbí, nígbà yẹn, ọmọ tí wọ́n bá bí sílẹ̀ yìí, òbí ẹ̀ lè tipasẹ̀ ẹ̀ rí pépà ìgbélùú. Rótìmí, dúró tì mí, àfi bíi pé orúkọ ẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

Portlaoise ló tẹ̀dó sí, bíi wákàtí kan nínú rélùwéè láti Dublin, ìlú kékeré kan tó jẹ́ pé táwọn ará ibí bá gbọ́ orúkọ ẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn. Kò ríṣẹ́. Kò wá tilẹ̀kùn mọ́rí, ṣe ló kó àwọn tí kò níṣẹ́ bíi tiẹ̀ jọ kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ kó o fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí: lófin Ireland, tó o bá ṣáà ti ń gbé ìlú, tó o sì ti pé ọdún 18, wàá dìbò káńsù, o tún lè gbé àpótí fúnra ẹ, bó ò tiẹ̀ jẹ́ sítísìn. Òun náà gbé àpótí, kò sí pátì kankan lẹ́yìn ẹ̀.

11 June 2004 lọjọ́ ìbò. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n bi àwọn ará Ireland léèrè bóyá kí ọmọ àjèjì tí wọ́n bá bí síbí ṣì máa di ọmọ onílùú lọ́gán, nǹkan bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Rò ó wò, Ìyá Ìbejì. Ilẹ̀kùn tí ọkùnrin yìí gbà wọlé gan-an ni wọ́n ń tì lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ yẹn náà làwọn ará Portlaoise sì mú un ní kánsílọ̀. Dókítà Taiwo Matthew, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, náà wọlé ní kánsílọ̀ nílùú Ennis lọ́jọ́ kan náà, orúkọ Táyé ẹ. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó rójú ẹ, tó gbọ́ ohùn ẹ, kò lè ṣe sí ẹ bí ẹni tó kàn ń ka "àjèjì" lórí bébà.

Lóṣù kẹfà 2007, àwọn kánsílọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹ́ yan méyọ̀, mẹ́fà dìbò fún un. Dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní gbogbo Ireland, ọdún méje péré tó gúnlẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, kì í ṣe gómínà o, ọdún kan ni wọ́n fi ń ṣe é, káńsù ìlú yẹn gan-an, ìjọba ti pa á rẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní 2014. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n oyè ni wọ́n gbé kọ́ ọmọ Òkè-Ọ̀dàn lọ́rùn. Mo rí fọ́tò ẹ̀, mo sunkún.

Èmi náà dìbò ní 2024, mi ò tíì rí pépà nígbà yẹn, inú sẹ́ńtà tí wọ́n ń kó àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ àsáílọ̀mù sí ni mo ṣì wà. Iléèwé àwọn ọmọdé ni wọ́n ti dì í, àwòrán táwọn ọmọ fi kírẹ́yọ̀n yà ṣì wà lára ògiri. Kì í ṣe ìtẹ̀ka bíi tilé, pẹ́ńsù kékeré kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì ni, wàá kọ 1, 2, 3 síwájú orúkọ àwọn tó o fẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo ní láti fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ mú. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Ireland, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tẹ́nì kan máa bi mí pé kí ni mo fẹ́.

Mo mọ̀ pé ti Jámánì ò rí bẹ́ẹ̀, àwa tá a ti Nàìjíríà wá ò lè dìbò lọ́dọ̀ yín àfi téèyàn bá di sítísìn, ìyẹn sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú kan níbẹ̀ ní ìgbìmọ̀ táwọn àjèjì fúnra wọn máa ń dìbò yàn láti bá káńsù sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, lọ béèrè bóyá ìlú tìẹ ní, kó o sì bi wọ́n bóyá ẹni tó ṣì ń dúró de pépà lè bá wọn dìbò. Má rán ẹnikẹ́ni, ìwọ fúnra ẹ ni kó o lọ, gbé àwọn ìbejì dání tí kò bá sẹ́ni tó máa bá ẹ wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà fún àpíìlì yẹn, má jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹ kọjá lórí ẹ o. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sunday, mi ò ní tètè sùn.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ ní Dublin