Àwòrán Ẹ̀sìn Lára Ìpolówó: Kó Tó Dé Ilé Ìtẹ̀wé Ni Kí A Ti Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Sí Olóòtú,

Bí ìpolówó ọjà bá ti mú inú àwọn ẹlẹ́sìn bàjẹ́, ariwo tó máa ń gba ìlú ni pé kí ìjọba fòfin dè é. Àwa tí à ń ya àwòrán ìpolówó mọ̀ pé òfin kì í tètè débẹ̀.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Lithuania ní Yúróòpù. Lọ́dún 2012, wọ́n fi ọkùnrin onírun gígùn kan polówó aṣọ níbẹ̀: ó wọ jíǹsì, ìmọ́lẹ̀ yí orí rẹ̀ ká bíi ti ẹni mímọ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Jésù, irú ṣòkòtò wo nìyí!” Àwọn aláṣẹ bu ìtanràn 2,000 litas, owó ilẹ̀ náà nígbà náà, lé ilé-iṣẹ́ náà. Lóṣù kìíní ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní ìtanràn náà tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ lójú, torí àlàyé àwọn aláṣẹ kò ta gbòǹgbò. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún nígbà náà. Jíǹsì ọ̀hún á ti gbó!

Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni ò gbèrò ló pọ̀ jù. Lọ́dún 1997, Nike kó bàtà tó lé ní 38,000, ẹsẹ̀ méjì-méjì, kúrò lọ́jà. “Air” ni wọ́n kọ bí ahọ́n iná sí i lára. Lójú ẹni tó ń ka Lárúbáwá, orúkọ Ọlọ́run ni. Lẹ́yìn gìgísẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ ń ta sí!

Bí ayàwòrán bá yí fọ́tò padà bíi ti inú jígí, kí ojú ẹni inú rẹ̀ lè kọ sí orúkọ ọjà, Lárúbáwá tàbí Hébérù tó wà lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á yí sódì, ọ̀tún á di òsì. Bí ètò kọ̀ǹpútà kò bá sì mọ Lárúbáwá kọ, lẹ́tà tó yẹ kó so pọ̀ á tú ká, á wá máa ti òsì lọ sí ọ̀tún dípò ọ̀tún sí òsì. Nítorí náà, kí a gbé fọ́tò àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tó parí, ká fi wọ́n wéra.

Ká tún béèrè ibi tí àwòrán ń lọ. Èyí tó bójú mu lórí pátákó lè di ẹ̀gbin lára ọ̀rá tí wọ́n máa jù sí ààtàn.

Lẹ́yìn náà, ká gbé àwòrán náà fún ẹni méjì tó ń ṣe ẹ̀sìn tó kàn, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Ká má sọ ọjà tí à ń polówó. Ká má sì béèrè bóyá ó dùn wọ́n, torí ojú á tì wọ́n láti sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni”. “Kí lẹ rí níbẹ̀?” ló tó. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ká bi wọ́n bóyá wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn wọn.

Àwa ni tiyín,
Àwọn ayàwòrán ìpolówó