Àdùkẹ́ mi, má tíì fi gíráàfù yẹn sínú project rẹ

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù yẹn ńkọ́, ṣé o ń wọ súwẹ́tà? Mo ti gbọ́ voice note rẹ, mo sì ti wo gíráàfù tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, èyí tó ní ikú àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 20 sí 39 ti lọ sílẹ̀ gan-an ní England láti bí oṣù mélòó kan, tí ti Scotland sì dúró sókè. Bàbá ẹ ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀, pé ìwọ lo ń kàwé public health, kì í ṣe èmi. Àmọ́ èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣiṣẹ́ ní rẹ́kọ́ọ̀dù ọsibítù, ọ̀rọ̀ bí orúkọ òkú ṣe ń dénú ìwé, kò sẹ́ni tó máa gbà á lẹ́nu mi. Jọ̀ọ́, dúró ná.

Wò ó, ní England tí arúgbó bá kú lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà á kọ ìwé, ẹbí á lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó parí. Ọ̀dọ́kùnrin kì í sábà kú báyẹn. Jàǹbá ọkọ̀ ni, oògùn olóró ni, àwọn tó sì ń gbẹ̀mí ara wọn, ó dùn mí láti sọ ọ́, òun ló ń pa ọkùnrin ọlọ́dún 20 sí 34 jù lọ níbẹ̀. Irú ikú báwọ̀nyẹn, ọ̀dọ̀ coroner, ẹni tí òfin ní kó máa wádìí ikú òjijì, ló ń lọ, àfi tí coroner bá parí ìwádìí ẹ̀ kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn sì lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè ju ọdún kan lọ pàápàá, òkú á ti wà nínú sàréè tipẹ́, orúkọ ẹ̀ ò ní tíì dé ONS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣírò iye èèyàn àti iye òkú níbẹ̀. Ní Scotland ní tiwọn, ọjọ́ mẹ́jọ lòfin fún wọn, wọn kì í dúró de irú ìwádìí yẹn. Tó o bá wá kó oṣù mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní England àti Scotland tó o gbé wọn síra, kí lo rò pé wàá rí? Wàá ní England ti dáa sí i, bẹ́ẹ̀ ìwé ni ò tíì dé. Ọjọ́ tí wọ́n kú ni kó o fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kó o sì yọ ọdún tó sún mọ́ wa jù kúrò.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àlékún ikú tí ẹ ń ṣírò yìí, iye tó kú ni, kó o yọ iye tó yẹ kó kú kúrò. Iye tó kú, kò sí wàhálà púpọ̀ níbẹ̀. Iye tó yẹ kó kú nìjà wà. ONS fúnra wọn, fún ọdún 2023, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé ọdún márùn-ún pọ̀ tí wọ́n á wá pín in sọ fún wọn pé 31,442 ló lé ní gbogbo UK. Ní February 2024 wọ́n gbé ọ̀nà tuntun jáde, èyí tó ń wo bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i àti bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ló bá di 10,994. Òkú kan náà o, ọdún kan náà, ọ́fíìsì kan náà! Ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tún wá le jù torí àwọn ló ń ṣí kiri jù. Ibi tí wọ́n ń japa lọ, òkú á pọ̀ sí i láìsí pé ohunkóhun burú, torí èèyàn ló pọ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ti kúrò, á dà bíi pé ikú ti sinmi. Torí náà iye òkú nínú èèyàn 100,000 ni kó o máa lò, kó o sì rí i dájú pé iye èèyàn tó o fi pín in kì í ṣe ti ọdún tó ti pẹ́.

Pasẹ́ńtì náà, ṣọ́ra fún un. Ká ní ìlú kan, ọ̀dọ́kùnrin 40 ló yẹ kó kú lọ́dún, 52 wá kú. Pasẹ́ńtì 30 nìyẹn, àwọn kan á ti bẹ̀rẹ̀ ariwo. Wá square root 40, òun la fi ń mọ bí iye òkú ṣe lè lọ sókè sódò fúnra ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 6, ìlọ́po méjì ẹ̀ á tó bíi 13, ìyẹn ni pé 12 tó lé yẹn lè jẹ́ ṣèèṣì lásán. Wá sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè odindi, 4,000 ló yẹ, 5,200 kú. Pasẹ́ńtì 30 náà ni, àmọ́ ìlọ́po méjì square root 4,000 ò ju bíi 126 lọ, 1,200 ló sì lé. Èyí kì í ṣe ṣèèṣì mọ́, nǹkan kan ń pa wọ́n. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kó o gbé z-score EuroMOMO, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ iye ikú nílẹ̀ Yúróòpù fi ń sọ bí òkú ṣe jìnnà tó sí iye tó yẹ, ti orílẹ̀-èdè kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá kó o ní ọ̀kan burú ju èkejì lọ.

Tó o bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, lọ wo ti Rọ́ṣíà. Ìjọba wọn ò sọ iye ọmọ ogun tó ń kú ní Ukraine. Àwọn oníròyìn Mediazona àti Meduza, pẹ̀lú Dmitry Kobak tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò ní yunifásítì Tübingen ní Jámánì, wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n lọ sínú ìwé ogún, èyí tí wọ́n máa ń ṣí tí ẹnì kan bá kú tí ará ilé ẹ̀ fẹ́ gba ohun ìní ẹ̀, gbangba ló sì wà nígbà yẹn. Wọ́n wo iye ọkùnrin tó máa ń wà níbẹ̀ sí iye obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an, torí Kòfíìdì ń pa takọtabo, àmọ́ ojú ogun, ọkùnrin ló ń kó lọ, tí tọkùnrin bá ṣàdédé fò sókè tí tobìnrin ò fò, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Gbogbo òkú kọ́ ló ní ogún, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá mú orúkọ àwọn ọmọ ogun tó ti dájú pé wọ́n ti kú, wọ́n wo mélòó nínú wọn ló wà nínú ìwé ogún, kí wọ́n lè mọ iye tó ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n rí nǹkan bíi 47,000 ọkùnrin tí ò tíì pé 50 ọdún tí ogun pa, títí di ìparí May 2023, wọ́n sì sọ pé ó lè jẹ́ iye èyíkéyìí láti 40,000 dé 55,000. Báyẹn ni kó o ṣe kọ tìẹ náà, má kọ ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo bíi pé Ọlọ́run ló sọ fún ẹ.

Àbúrò rẹ ní kó o fi Nàìjíríà kún un. Rárá o. 2006 la ṣe ìkànìyàn kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ òkú wa kì í sì í dé ìwé National Population Commission rárá, wọ́n á sin èèyàn nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa lọ gba ìwé ikú àfi tí pẹ́ńṣàn tàbí owó báǹkì bá wà ńbẹ̀. Ọmọ ọdún 24 tó ń gun ọ̀kadà, pẹ́ńṣàn wo ló fẹ́ ní? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣeé ṣírò, kó o sọ ìdí ẹ̀, ìyẹn gan-an tó odindi chapter.

Lọ gba table ti National Records of Scotland, ọ́fíìsì tó ń kó iye òkú jọ ní Scotland, èyí tó pín ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kó o fi ránṣẹ́ sí mi, Káyọ̀dé á bá mi ṣí i lórí laptop. Sátidé ni kó o pè, Sunday a ní ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá ẹ