Módékáì Ń Lọ Lójoojúmọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Gbogbo wa la mọ̀ pé Módékáì ló tọ́ Ẹ́sítérì dàgbà, nítorí ọmọ náà kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹsẹ kọkànlá nínú orí kejì ìwé Ẹ́sítérì ni a kì í fara balẹ̀ kà. Wọ́n ti mú ọmọ lọ sí ààfin, níbi tí oúnjẹ wà, tí aṣọ wà, tí àwọn ìránṣẹ́bìnrin wà, síbẹ̀ Módékáì ṣì ń rìn níwájú àgbàlá ilé àwọn obìnrin lójoojúmọ́, kó lè mọ bí Ẹ́sítérì ṣe wà. Lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìjọ wa ń ṣe dáadáa sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó wà ládùúgbò wa. Oṣù Kejìlá kì í kọjá kí a má kó ìrẹsì, òróró àti aṣọ lọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ṣaláìní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi mọ́mì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà pé kí ló kù tí a lè ṣe, kò dárúkọ ìrẹsì. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn kéékèèké níwèé. Apá wa ò ká a." Ẹni tó ń fọṣọ láàárọ̀ níbẹ̀ náà ló ń dáná, òun náà ló tún ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá lálẹ́.

Èmi fúnra mi lọ. Sátidé mẹ́ta ni mo lọ léraléra. Lẹ́yìn náà ìpàdé dé, ìsìnkú dé, ìgbéyàwó dé, ọ̀sẹ̀ méje sì kọjá. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, tó ti mọ A títí dé GB lọ́dọ̀ mi, kò wojú mi. Mọ́mì ní gbogbo Sátidé ló ń gbé bẹ́ǹṣì síta, tí yóò sì jókòó lé e títí oòrùn yóò fi mú. Mo sunkún nínú mọ́tò nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé. Ọmọ tí àwọn tó ni ín ti fi sílẹ̀ nígbà kan rí, èmi náà tún lọ fi í sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò bá lè wá fún táàmù kan gbáko, ìyẹn Sátidé méjìlá, kó fi owó tàbí oúnjẹ ràn wá lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí yóò máa wá ni a ń wá, kò di dandan kó jẹ́ tíṣà.

Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá kọ́ wọn, nítorí òun ni wọ́n fi ń bá ara wọn ṣeré. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, Gẹ̀ẹ́sì tiwọn kò sì kẹ́yìn. Òkúta wẹ́wẹ́ tó fún ìṣírò. Bí ẹ bá pa àlọ́ Ìjàpá tán, ẹ ní kí wọ́n pa á padà fún yín. Ọmọ tó bá lè to ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé kíkà kò ní pẹ́ yé e.

Ẹ tún wo Bíbélì tó wà lọ́wọ́ yín. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoogùn, tí wọ́n sì yà á nípá sí ìyá rẹ̀. Wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún kejì, ó gúnlẹ̀ sí Sàró. Ẹnìkan jókòó tì í níbẹ̀, ó kọ́ ọ níwèé. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín oṣù mẹ́fà, òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta.

Méjì-méjì là ó máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ kan. Ẹ má gbé fọ́tò wọn sórí Facebook tàbí WhatsApp. Ẹ má bi ọmọ kankan pé, "Níbo ni ìyá ẹ wà?" Òbí àwọn mìíràn ṣì wà láàyè, ìṣẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè tọ́ wọn.

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alága ẹ̀ka àwọn ọmọdé lẹ́yìn ìsìn. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi náà yóò wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ti ń dá mi lóhùn díẹ̀díẹ̀. H ló kàn.