Sí Àyìnká, lórí ohun tí ò ń retí

Òṣogbo

Àyìnká ọmọ mi,

Ohùn rẹ lórí fóònù lánàá kò dùn mọ́ mi rárá. O ní Bàbá Ìbàdàn já ọ kulẹ̀, pé láti ọdún Iléyá lo ti ń retí kí wọ́n pè ọ́ nípa iṣẹ́. Kí ni wọ́n sọ gan-an? Etí mi ló gbọ́ ọ: "Màá rí sí i." Wọn ò ṣèlérí. Ìwọ lo ń fi kún un lójoojúmọ́ títí tó fi diṣẹ́ lọ́kàn rẹ.

Ó dáa kéèyàn máa retí. Ẹni tí kò retí nǹkan kan mọ́, ayé ti sú olúwarẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìrètí téèyàn dá nìkan dì sínú, tí kò sọ fún ẹni tó ń wojú rẹ̀, tó wá ń bínú pé onítọ̀hún ò ṣe é.

A kì í bọ Ọ̀ṣun nílé wa, ṣùgbọ́n Òṣogbo la bí ọ sí. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, o máa ń rí èrò tó ń tẹ̀ lé Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, lọ sí igbó. Obìnrin tó ń wá ọmọ kì í fi ọ̀rọ̀ síkùn létí odò yẹn. Á la ẹnu sọ ohun tó ń fẹ́, á sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí òun náà máa ṣe tọ́wọ́ òun bá tẹ̀ ẹ́. Tó bá dàmọ́dún, wàá rí àwọn tó pọnmọ wá san ẹ̀jẹ́. Nínú gbogbo ètò ọdún náà, ibẹ̀ yẹn ló máa ń wọ̀ mí lára jù.

Pe Bàbá Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé, kí àlejò tó kún ilé wọn. Béèrè àlàáfíà wọn ná, kí o tó mẹ́nu ba iṣẹ́. Bi wọ́n bóyá ìwé ẹ̀rí rẹ dé ọwọ́ wọn, bóyá ọ̀nà wà tàbí kò sí. Bí wọ́n bá ní kò sí, dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ó sàn ju kí o máa wo fóònù tàárọ̀ talẹ́ lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ, tí wọ́n ní kí o wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ńkọ́? O ò tíì dá wọn lóhùn, wọ́n sì ń retí rẹ. Lọ bá wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ